Ibi tí Àwẹ̀ró ti Ṣubú Lẹ́ẹ̀mejì

Àwẹ̀ró kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá wà nídìí ààrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ha ilẹ̀. Bó bá dúró de omi létí odò, orúnkún rẹ̀ á máa mì. Ìyá rẹ̀ a ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìjàlọ ló wọ̀ ọ́ láṣọ ni?" Ìjàlọ kọ́ o. Ijó orí àpáta ló gba ọmọ náà lọ́kàn.

Ní Ìsàlẹ̀-Àpáta tí wọ́n bí i sí, ijó orí ilẹ̀ gbígbẹ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, àwọn obìnrin á gún ilá sínú omi, wọ́n á dà á sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ìlú títí ara rẹ̀ á fi máa yọ̀. Àwọn oníjó á wá gùn ún ní méjì-méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, lẹ́sẹ̀ lásán, ọwọ́ nínú ọwọ́. Ẹnìkan kì í gbẹ́sẹ̀ rìn níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ lọ, tí wọ́n ń pòòyì, tí agogo ń darí wọn. Àgbà mẹ́ta ló ń ṣe adájọ́. Òfin kan sì wà tó le ju àpáta náà lọ: àwọn méjì tó bá ṣubú lọ́dún mẹ́ta kò gbọdọ̀ jó níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Àwẹ̀ró àti Ọdẹ́jìnmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ti ṣubú lọ́dún méjì. Àwẹ̀ró ló sì ń gbé wọn ṣubú. Lọ́dún àkọ́kọ́, kí ìdí rẹ̀ tó kan òkúta tán ló ti gbójú sókè wo àwọn adájọ́, bóyá wọn ò rí i. Lọ́dún kejì, ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ló kọjú sí, ó sì fò dìde bí ẹni tí iná jó. Àtìgbà náà kò sinmi. Ó ń fi ẹrẹ̀ etí odò kọ́ra láàárọ̀, ó ń fi kọ́ra lálẹ́, ó sì ń yára sí i lójoojúmọ́.

Ọdẹ́jìnmí bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ọdún yìí nìkan ló kù fún wa. Kò sí ohun mìíràn láyé yìí tó dùn mọ́ mi tó ijó yìí."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" Àwẹ̀ró jágbe mọ́ ọn. Omijé ti dé ojú rẹ̀.

Àpáta yìí kan náà ni àwọn obìnrin ìlú fi ń sá láfún láti ọdún dé ọdún. Bí ijó bá ku ọ̀la, kálukú á lọ gbá tirẹ̀ kúrò. Àwẹ̀ró ni ìyá rẹ̀ máa ń rán. Ta ló fẹ́ gbálẹ̀ nígbà tí ijó ń pè é? Bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó gbá a wàràwàrà, ó fi èyí tó há sínú ihò òkúta sílẹ̀, ó sáré lọ sétí odò.

Ilẹ̀ mọ́, ìlú pé. Ìyá Mojèrè ló máa ń kọ́kọ́ jó láti ṣí àpáta, nítorí òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ti borí lẹ́ẹ̀meje nígbà èwe wọn. Agogo dún, màmá náà yọ̀ lọ jẹ́jẹ́, gbogbo èèyàn ń hó. Àfi gbì! Ìyá àgbà ti wà nílẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbé Màmá o!" Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni màmá wí. Kò wo adájọ́, kò wo ẹlẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà, ó wo ẹ̀yìn, ó rákò lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró. Ó ki ìka bọ ihò òkúta, ó yọ nǹkan funfun kan jáde, ó fi kan ahọ́n.

"Láfún," ló wí. "Ó ti mu omi ilá ibí yìí gbẹ. Ibi tó ń yọ̀ kò ṣe oníjó ní nǹkan kan. Ibi tí kò yọ̀ ni ẹsẹ̀ ń dúró sí, tí ara ò sì dúró."

Àwẹ̀ró wo ihò náà. Ibẹ̀ gan-an ni! Ibẹ̀ ló ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ojú tì í dé egungun, ó fẹ́ sá, àmọ́ Ọdẹ́jìnmí ń wò ó. Ó lọ kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mi ò gbá a dáadáa."

"Nígbà tí o ṣubú lọ́dún àkọ́kọ́, kí lo wò?"

"Ojú àwọn adájọ́ ni, Màmá."

"Èkejì ńkọ́?"

"Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Láfún kò sí lójú adájọ́, ọmọ mi, kò sì sí lẹ́nu ẹlẹ́rìn-ín. Lọ pọnmi wá."

Lójú gbogbo ìlú ni Àwẹ̀ró ti fọ ihò òkúta náà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú èékánná. Wọ́n tún omi ilá dà. Nígbà tó kan òun àti Ọdẹ́jìnmí, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, ọwọ́ ọmọkùnrin náà le mọ́ tirẹ̀. Wọ́n yọ̀ kọjá.

Wọn ò borí lọ́dún náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n borí, wọ́n sì tún borí lẹ́ẹ̀marùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró darúgbó, òun náà wá di ẹni tó ń ṣí àpáta. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́, tí àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, ńṣe ló rọra yíjú padà.

Láti orí àpáta yẹn ni àwọn àgbà ti mú un sọ, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.