Ewé Tútù ní Oríta Igbó Elépo

Ní Abà Ọ̀mọ̀, kò sí ẹni tí kò mọ Ọdẹ́wùmí mọ́ ẹ̀fẹ̀. Òun ló so agolo òfìfo mọ́ ìrù ewúrẹ́ baálẹ̀, tí ewúrẹ́ ń sá káàkiri tí baálẹ̀ fi rò pé ogun dé. Láńjorin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló máa ń rẹ́rìn-ín jù, òun náà sì ni ẹ̀fẹ̀ náà máa ń bá jù. Àwọn méjèèjì nìkan ló ní kẹ̀kẹ́ ní abà náà, iyọ̀ ni wọ́n sì ń fi kó láti etí odò wá sílé.

Inú Igbó Elépo ni ọ̀nà iyọ̀ gbà kọjá. Kì í ṣe ọ̀nà tó lè pa ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn, kì í sì í ṣe ọ̀nà ọ̀lẹ. Gbòǹgbò igi na ara sílẹ̀ bí ejò, òkúta ń yọ orí, àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sì wà tí èèyàn á dìde dúró lórí pẹ́dà, tí á di bíréèkì mú ṣinṣin. Wọn kì í gùn tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí níbẹ̀, nítorí bí ẹni iwájú bá ṣubú, ẹni ẹ̀yìn á gùn ún mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ní òfin kan: ẹni tó bá ṣáájú ni yóò já ewé tútù, tí yóò fi dábùú ọ̀nà tí kò ṣeé gbà ní oríta. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní í bèèrè nǹkan kan. Ewé ti sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òjò ti fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń di iyọ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ létí odò láàárọ̀, Láńjorin ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Wùmí, kẹ̀kẹ́ rẹ yìí ń ké bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ṣé kí n bá ọ tì í délé ni?"

"Èmi ni n ó kọ́kọ́ délé lónìí. Wàá bá mi nídìí iyán, ẹrẹ̀ á sì kún orí rẹ."

"Ẹnu lásán! Ó yá, máa lọ níwájú, ọ̀gá àwọn oníkẹ̀kẹ́."

Ọdẹ́wùmí gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ìgbà tó dé oríta ló rántí ẹrẹ̀ tó fẹnu bà. Ọ̀nà òsì, tí wọ́n ti pa tì, sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan, ó sì gba àbàtà kan kọjá. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ á rì sẹ́rẹ̀ dé orúnkún kó tó yọ sẹ́yìn abà. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó já ẹ̀ka ewé obì, ọ̀nà ọ̀tún tó jẹ́ ọ̀nà gidi ló sì fi dí. Òun fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà gidi náà, ó fi ewé gbígbẹ bo ipa táyà rẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín lọ.

Nígbà tó délé, ó kó àwọn èèyàn jọ sẹ́yìn abà. "Ẹ wá wo ẹlẹ́dẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń bọ̀!"

Wọ́n dúró títí. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Oòrùn yẹ àtàrí, Láńjorin ò dé. Ọdẹ́wùmí fò gun kẹ̀kẹ́, ó doríkọ àbàtà. Ojú ẹrẹ̀ ń dán, kò sí ipa táyà kan níbẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó la ẹrẹ̀ kọjá, ó gun òkè tó wà níwájú. Ibi tí ó yẹ kí ọ̀nà wà, òfìfo ló bá. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti ya ẹ̀gbẹ́ òkè lulẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Láńjorin wà nísàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, iyọ̀ fọ́n funfun káàkiri ilẹ̀ pupa.

Ọdẹ́wùmí rápálá sọ̀ kalẹ̀. "Láńjorin! Kí ló dé tí o ò di bíréèkì mú?"

"Mo rí ewé rẹ," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Mo ní bóyá òjò ti já afárá tó wà lọ́nà ọ̀tún. Mo mọ̀ pé o ti wo iwájú fún mi. Mi ò di bíréèkì rárá… mo fẹ́ lé ọ bá."

Ọdẹ́wùmí fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gbé kúrò lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó tó rí i sọ, etí tí ì bá gbọ́ ọ ti di etí òkú.

Ó pọ̀n ọ́n wálé. Àwọn àgbà pé jọ, kò sí ẹnì kan tó ṣẹ́ kù sílé. Ọdẹ́wùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, ó jẹ́wọ́ ewé tó fi dí ọ̀nà gidi.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ bá mi ṣe ẹbọ kan. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n kó, n ó kó o. Kí n ṣáà padà dé oríta yẹn, kí n gbé ewé náà kúrò. Ká ní mo mọ̀ ni, bàbá, ká ní mo mọ̀!"

Baálẹ̀ wo ẹni tó jókòó ti ọ̀tún rẹ̀. Ìyẹn wo ilẹ̀. Ìyá Láńjorin ló fọhùn.

"Ẹ wá ẹbọ náà fún un. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ ṣe tèmi mọ́ ọn. Ọmọ mi ń sùn láàárọ̀, èmi ni mo jí i pé kó tètè máa lọ."

Àwọn àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ gbẹ́ ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wí i ní Abà Ọ̀mọ̀, tí àwọn àgbà ibòmíràn fi gbà á sẹ́nu pé: Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.