Awọ Àgbò Alájì Kúṣìmọ̀

Alájì Kúṣìmọ̀ ló ni ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú fi ń rin ẹ̀gẹ́, ó sì ń wá ọ̀nà àtilé Mọríámọ̀ tó ń bá a tọ́jú ẹ̀rọ náà, kí àbúrò ìyàwó rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ kejì Iléyá ló pè é, ó ní, “Bẹ́líìtì aláwọ yìí ń yọ̀ jù. O ò gbọdọ̀ gé e, o ò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ fi nǹkankan pa á lára. Tó bá tún yọ̀ lọ́jọ́ ọjà, máa lọ sílé ẹ.” Mọríámọ̀ ní òun gbọ́. Nínú àgbò tí Alájì pa, awọ nìkan ló kàn án. Ó fá irun ara awọ náà, ó gé e ní ọ̀já gbọọrọ, ó wé e ní tútù mọ́ kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń yí lórí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí oòrùn pa á. Awọ gbẹ, ó súnkì, ó di irin mú pinpin. Nígbà tó dọjọ́ ọjà, awọ gbá awọ mú, bẹ́líìtì ò yọ̀ mọ́. Alájì wò ó títí, ó ní, “O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ lọ́la, máa lọ.” Mọríámọ̀ ní, “Ẹ ṣeun, Alájì.” Ó pa ẹ̀rọ, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí kẹ̀kẹ́. Alájì ní, “Kí lo fẹ́ gé?” Ó ní, “Ẹran Iléyá tí ẹ fún mi ni, sà. Mo fẹ́ máa gbé e lọ.” Alájì bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn obìnrin tó to agbọ̀n ẹ̀gẹ́ dé ojú títì, ó ní kó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Àbúrò ìyàwó dé lọ́jọ́ kejì lóòótọ́. Mọríámọ̀ fún un lápòótí, ó fi ẹ̀gẹ́ tó máa bó hàn án.