Ìdí tí Irin àti Ọ̀wọ́n Fi Ń Kẹ̀yìn Síra Wọn Nínú Òòfà

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń sọ̀rọ̀ ju ìyá ọkọ lọ, irin nìkan ni wọ́n fi ń ṣe òòfà. Irin lágbára láti fa nǹkan mọ́ra, àmọ́ kò ní ìdúró. Ẹ gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan péré, á gbàgbé ibi tó kọjú sí bí olóṣèlú tó ti wọlé ìbò, agbára rẹ̀ á sì tán.

Lọ́dún kan tí ìyàn mú, ọba bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kànga láti wo bí adé tuntun ṣe yẹ òun nínú omi. Kọ́kọ́rọ́ àká ìlú bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ kànga. Kò sẹ́ni tó lè fọ́ ilẹ̀kùn àká, torí Ògúndáìró alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, ó sì ti fi í yangàn títí etí ìlú fi di.

“Ìwọ lo ṣe ilẹ̀kùn,” ọba wí fún un. “Bí ebi bá pa ọmọ kan kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde, ìwọ àti àgbẹ̀dẹ rẹ ti pínyà nìyẹn.”

“Kábíyèsí, èmi kọ́ ni mo wo adé.” Inú ló ti sọ ọ́ o, orí rẹ̀ ṣì pé.

Ó so òòfà mọ́ okùn, ó jù ú sínú kànga. Òòfà forí gbá òkúta, ó gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ògúndáìró wá ránṣẹ́ sí Ọ̀wọ́n, irin àjèjì kan tó ń gbé inú àpáta. Bí Ọ̀wọ́n bá ti jókòó, ó ti jókòó nìyẹn.

“Mo lè bá Irin gbé,” Ọ̀wọ́n wí, “àmọ́ nílé wa, a kì í kọjú síbi tí onílé kọjú sí. Tó bá ń wo ìlà oòrùn, ìwọ̀ oòrùn la ó máa wò.”

“Ṣé ìwà nìyẹn, àlejò mi?” Irin bi í.

“Ìwà ni. Ìwọ tó ń wo ibi gbogbo, kí lo rí?”

Alágbẹ̀dẹ yọ́ wọn pọ̀: Irin púpọ̀, Ọ̀wọ́n díẹ̀. Òòfà tuntun forí gbá òkúta, kò tilẹ̀ mira. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ dé agbedeméjì kànga, kọ́kọ́rọ́ há sára gbòǹgbò, ó já bọ́.

“Ọ̀wọ́n ló gbé e débẹ̀,” Ògúndáìró wí. “Bí mo bá bù ú sí i, á gbé e jáde.” Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí iyọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ ṣe ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Ó bu Ọ̀wọ́n sí i títí agbára rẹ̀ fi bá ti Irin dọ́gba.

Irin fà síwájú, Ọ̀wọ́n fà sẹ́yìn. Òòfà náà ò lè gbé abẹ́rẹ́.

“Ta ló ń borí nínú yín?” alágbẹ̀dẹ béèrè.

“Kò sí,” Irin dáhùn. “Ohun tí mo bá fà, àwọn ará ilé Ọ̀wọ́n ń fà á padà.”

“Èmi kọ́ ni mo pe ẹbí mi,” Ọ̀wọ́n wí.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sunkún ebi lẹ́yìn rẹ̀. “Ògúndáìró, bu Irin sí i, ọmọ mi. Alátakò wúlò nínú ilé, àmọ́ kò gbọdọ̀ lágbára tó onílé.”

Alágbẹ̀dẹ tún un yọ́, ó da Irin lé e, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì kànga sọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ jáde. Ọba ti na ọrùn láti gbà á, àmọ́ ìyá àgbà ni alágbẹ̀dẹ gbé e fún, ó ní kó lọ ṣí àká.

Láti ọjọ́ náà ni Irin àti Ọ̀wọ́n ti ń kẹ̀yìn síra wọn nínú ilé kan náà. Bí Ọ̀wọ́n bá mọ níwọ̀n, òòfà á dúró ṣinṣin. Bí agbára wọn bá dọ́gba, kò ní fa nǹkan kan, ẹ ò báà bẹ̀ ẹ́ dalẹ́. Bí ti Ọ̀wọ́n bá sì wá borí, òun ló di onílé nìyẹn. Irin á wá máa ṣe àlejò nínú ilé ara rẹ̀.