Kànga Àwọn Opó Tágúrà

Ní ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀ ní Tágúrà, ìlú olódi létí aṣálẹ̀, ajẹ́lẹ̀ Késárì kó ọmọ ogun yí kànga kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ ká. Ó gbé ère Késárì kalẹ̀, ó gbé àwo iná síwájú rẹ̀, ó ní ẹni tó bá da tùràrí sínú iná láti fi Késárì ṣe ọlọ́run nìkan ni yóò pọn omi. Ẹni tó bá kọ̀, kí òùngbẹ pa á. Àwọn Kristẹni ìlú náà gbójú lé àwọn àgbà ìjọ wọn. Ṣebí gbogbo ọjọ́ Olúwa ni Krẹ́símù, olórí àwọn àgbà, ọlọ́rọ̀ tí aṣọ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, máa ń dìde sọ pé bí ikú bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀sín ló yá ju òùngbẹ. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ń ti ara wọn níwájú ère. Krẹ́símù ní ọwọ́ òun nìkan ló da tùràrí, ọkàn òun kò sí níbẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀.

Àwọn aláìnítìjú yìí kan náà ló ti fi Baríkù jẹ bíṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀. Nítorí pé kì í gbóhùn sókè, wọ́n rò pé àwọn ti rí ẹni tí àwọn yóò máa tì síwá tì sẹ́yìn. Baríkù, akọni tí kò mú idà, òkè tí ìjì ò ṣí nídìí! Ó kó àwọn opó tó kọ̀ láti da tùràrí lọ sí ojú odò tó gbẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wọnú ihò, ó gbẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi ya. Krẹ́símù àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lórí odi, wọ́n ń fi ẹnu tútù rẹ́rìn-ín. Òùngbẹ pa ọmọ Mátánà, ọ̀kan nínú àwọn opó náà, kí wọ́n tó kan omi.

Kò pẹ́ tí ẹṣin àwọn ọmọ ogun fi mu kànga Késárì gbẹ, ajẹ́lẹ̀ sì kó wọn lọ. Nígbà náà ni àwọn àgbà gbé ìkòkò wá sọ́dọ̀ àwọn opó. Mátánà dí wọn lọ́nà.

“Bàbá,” ó wí fún Baríkù, “ọmọ mi kú sí mi lọ́wọ́, àwọn wọ̀nyí sì ń fi omi fọ ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.”

Baríkù dá a lóhùn. “Mátánà, wọn ò yẹ lẹ́ni à ń fún lómi, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òùngbẹ pa wọ́n, kí la fi sàn ju ajẹ́lẹ̀ lọ? Wọn yóò mu. Àmọ́ ọwọ́ tó da tùràrí kò gbọdọ̀ fa okùn kànga yìí. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ọwọ́ náà, kí ìwọ bu omi sí i.”

Krẹ́símù wò yíká bóyá yóò rí ìránṣẹ́ tí yóò bá a kúnlẹ̀. Kò rí. Ó kúnlẹ̀. Mátánà sunkún, ó sì bu omi sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí òjò padà rọ̀, ajẹ́lẹ̀ padà wá, ó bẹ́ Baríkù lórí létí kànga náà nítorí tùràrí tó kọ̀ láti dà. A ò rí àgbà kankan níbẹ̀. Gbogbo wọn ti lọ wo oko. Àwọn opó ló sin ín.

Títí di òní, ní àyájọ́ ikú ẹni mímọ́ náà, àwọn àgbà Tágúrà a máa kúnlẹ̀ kí opó tó bu omi fún wọn. Àwọn àtọmọdọ́mọ Krẹ́símù ti sọ ọ́ di oyè: aṣọ sẹ́dà ni wọ́n ń wọ̀ wá, wọ́n sì ń jà nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Àwọn opó kì í bá wọn dá sí i. Wọ́n á kàn jẹ́ kí orúnkún àwọn àgbà náà dùn wọ́n dáadáa kí wọ́n tó bu omi náà.