Ọdẹ́bùnmi àti Kóró Apá Tó Kọ̀ Tí Kò Hù

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á bó èèpo igi,
Ìkánjú kì í jẹ́ ká mọ iye ewé orí àràbà.
Àwọn awo méjì yìí ló díá fún Ọdẹ́bùnmi, ọmọ olùṣọ́ igbó Ìlágbòó, lọ́jọ́ tó ń sunkún pé igi apá ń parẹ́ lójú òun.

Kí baba rẹ̀ tó re ibi àgbà ń rè, ó ní kí Ọdẹ́bùnmi máa tọ́jú igbó. Ṣùgbọ́n àwọn asunèédú ti gé igbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Igi apá kan ṣoṣo ló kù, òun náà sì ti ń gbẹ láti òkè. Ọdẹ́bùnmi ṣa kóró abẹ́ rẹ̀, kóró dúdú tó dé fìlà pupa. Ó gbìn ín lọ́dún kìíní, kò hù. Ó gbìn ín lọ́dún kejì, kò hù. Nígbà tó ku kóró méjìlélọ́gbọ̀n péré, ó tọ àwọn awo lọ.

Wọ́n ní kó rúbọ: ẹyẹlé méjì, epo, ẹ̀kọ tútù àti ìdajì kóró ọwọ́ rẹ̀, kó gbé e sí ẹ̀bá igbó. Wọ́n tún kìlọ̀ fún un pé, "Ohun tí o bá ṣe fún kóró kan, má ṣe é fún èkejì, kí o lè mọ èyí tó gbà. Bí o bá rí i lẹ́ẹ̀kan, má tíì pariwo. Tún un wò."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọdẹ́rìndé, tí òun náà ń sun èédú, bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, kóró tí kò tó nǹkan, o tún fẹ́ kó o fún eku? Ta ló kọ́ igbó bí wọ́n ti ń hù?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi ọdún méjì ṣe tinú mi. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ti àgbà."

Ó rú u. Èṣù Ọ̀dàrà wá darí òkété síbẹ̀. Òkété jẹ ẹ̀kọ, ó jẹ fìlà pupa orí àwọn kóró, ó sì fi ehín ha èèpo ara mẹ́ta. Òjò rọ̀. Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi padà débẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, mẹ́ta náà ti hù. Mẹ́tàlá tí ehín kò kàn le bí òkúta.

Ẹnu ń yún un. Ó rántí ìkìlọ̀, ó pa á mọ́. Ó mú mẹ́rìndínlógún tó kù. Ó ha mẹ́jọ mọ́ òkúta títí èèpo dúdú fi ṣí, kò fọwọ́ kan mẹ́jọ. Ilẹ̀ kan náà, omi kan náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, méje nínú àwọn tó ha yọrí. Nínú èyí tí kò ha, ẹyọ kan kò mira.

Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Ọdẹ́rìndé dé bá a níbẹ̀, ó rí àwọn èhù náà. Ó ní, "Èmi ni mo ń gé e. Ìwọ lo béèrè ohun tó ń fẹ́." Láti ọjọ́ náà ló ti ń pọnmi fún àwọn èhù náà.

Nígbà tó pẹ́, àwọn èhù náà di igi, wọ́n so, apá sì kún igbó Ìlágbòó. Ará ìlú mìíràn ń wá kọ́ bí a ṣe ń ha kóró, Ọdẹ́bùnmi kò sì fi du ẹnikẹ́ni. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awo, awo ní Ifá ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun rúbọ, òun sì gbọ́ràn, ni òun fi rí ire.

Ẹni tó bá rúbọ, tó fi sùúrù gba ìmọ̀ràn, ayé rẹ̀ yóò hù, yóò sì ní ibòji fún ọmọ ẹlòmíràn.