Èbù tí Ọ̀jẹ́lékè Fi Rúbọ

Kí ni a ti mọ̀ nípa ogun, ẹ̀yin ènìyàn wa? A mọ̀ pé kì í gbé ìlú mẹ́wàá mì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. A sì mọ̀ pé ìlú tí ogun kò ì tíì dé a máa ní kò kan òun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí a wo ìdààmú Ọ̀jẹ́lékè, oníbodè Ìdó-Ọ̀pẹ.

Ogun Ìgbẹ́rìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Láàárín oṣù kan, ó ti gba ìlú mẹ́ta, ó sì fi àjèlè, aṣojú ọba wọn, jẹ lé wọn lórí. Àwọn tó sá kúrò ní ìlú kẹta, Arófẹ́, wá jókòó síwájú bodè Ọ̀jẹ́lékè pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀jẹ́lékè kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Òun àti Láyẹmí, baálẹ̀ Òkè-Àfọ̀n tí í ṣe aládùúgbò wọn, jọ tọ Ẹfúntóyè lọ, arúgbó obìnrin tó ń da ẹ̀rìndínlógún.

Ẹfúntóyè da owó ẹyọ náà, ó wò ó títí. Ó ní, "Ohun tó jáde ni pé, 'Ilé ará ẹni ń jó, a ní òórùn ẹran sísun ni.' Ẹ rúbọ, kí àjèlè má baà jẹ lé yín lórí."

Ọ̀jẹ́lékè béèrè, "Kí ni ẹbọ náà, Ìyá?"

"Èbù iṣu tí ẹ fẹ́ gbìn. Ẹ sè é fún àwọn tó wà lẹ́nu bodè. Ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù."

Láyẹmí rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ dákun, ṣé ebi ni a ó fi ṣẹ́gun? Ẹni tí kò lè gba ilé tirẹ̀ sílẹ̀, báwo ni yóò ṣe gba tiwa?" Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀jẹ́lékè délé, ó kó èbù síta. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ń wò ó.

"Bàbá Ọ̀jẹ́wándé, irùngbọ̀n yín ni a ó gbìn lọ́dún yìí, àbí?"

"Bí ó bá hù, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Àwẹ̀ró mú ọ̀bẹ, ó bẹ èbù náà. Ó gbé ìkòkò kaná.

Àwọn àlejò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, àgbà ọdẹ kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Arófẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Wọn kò yin ìbọn kan. Àjèlè ni wọ́n kọ́kọ́ rán, ogójì ènìyàn ló ru ẹ̀bùn tẹ̀ lé e. Idà ló wà nínú ẹní tí wọ́n ká."

Kò pẹ́ tí àjèlè fi dé Ìdó-Ọ̀pẹ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ọ̀jẹ́lékè kí i dáadáa, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀. Ẹ tú ẹrù yín níta níhìn-ín, kí a rí i kí ó tó wọlé."

Àjèlè kọ̀. Ọ̀jẹ́lékè ti bodè. Ogun dó tì wọ́n, ṣùgbọ́n onílé àti àlejò ti jọ gbẹ́ yàrà odi jìn. Nígbà tí òjò kún un, kò sí ibi tí ọ̀tá lè gbà. Wọ́n ká àgọ́ wọn lọ. Àwọn ará Arófẹ́ gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ dé oko wọn àtijọ́, wọ́n wa iṣu wá, ìlú sì rí èbù gbìn.

Ní Òkè-Àfọ̀n, Láyẹmí gba àjèlè tọwọ́tẹsẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àjèjì ló ń ṣọ́ bodè rẹ̀. Èbù tí kò fún ẹni tí ebi ń pa, ọmọ ogun àjèlè ló jẹ ẹ́.

Ẹni tó rúbọ, ìlú rẹ̀ dúró. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín, àbámọ̀ ló jogún. Ó wá kù sọ́wọ́ yín. Bí ẹnìkan bá sá àjálù dé àdúgbò yín, ẹ fún un lóúnjẹ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé, "Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?" Kí ẹ sì jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ tán.