Jọláadé Tú Àtíbàbà Etíkun

Owó ẹyọ ló sọ̀rọ̀ fún Jọláadé ará Ìdí-Àgbọn, lọ́jọ́ tí ojú ń pọ́n ọn. Mákinwá ọkọ rẹ̀, apẹja, ti ká àwọ̀n sínú ọkọ̀, ó ní òun ń ṣí lọ sí èbúté mìíràn nítorí ẹja ti sá fún ìlú wọn. Bẹ́ẹ̀ ọjà ń tà fún Jọláadé o! Àwọn ọ̀dọ́ aláfẹ́ ń ya wá láti ìgboro, wọ́n ń mutí lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, wọ́n ń fi gbohùngbohùn di àwọn àgbà létí, wọ́n ń fọ́ ìgò sínú yanrìn. Ṣùgbọ́n bí Mákinwá bá lọ, ta ni yóò máa bá a jẹun?

Jọláadé gba ilé Ẹfúnyẹlá lọ, arúgbó tí ń fi owó ẹyọ ṣàyẹ̀wò fún àwọn ará etíkun. Adégoróyè, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ó ní àtíbàbà tirẹ̀ ní òdì kejì ọ̀sà, tẹ̀lé e lọ wòran.

Ẹfúnyẹlá da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó títí, ó mirí.

"Jọláadé, ọjọ́ wo ni òkun ń sinmi nílùú yìí?"

"Ọjọ́ ọjà ni, Ìyá. Apẹja kankan kì í fẹsẹ̀ kan omi lọ́jọ́ náà."

"Ariwo àwọn ta wá ni mò ń gbọ́ nínú omi lọ́jọ́ ọjà?"

"Àlejò ni wọ́n, Ìyá. Wọn ò mọ̀."

"Àlejò ò mọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Arúgbó náà ka ẹbọ fún un: kí ó da oyin àti omi àgbọn sókun, kí ó tú àtíbàbà ọtí, kí òkun gba ìsinmi rẹ̀ padà, kí àlejò tó bá ń bọ̀ sì máa wọ̀ sílé àwọn ará ìlú, níbi tí àgbà yóò ti mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní kí Adégoróyè náà rú u.

Adégoróyè bú sẹ́rìn-ín. "Kí n fọwọ́ ara mi wó ibi tí mo ti ń jẹun? Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó gbọn aṣọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Jọláadé rúbọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fa òpó tu. Ó bẹ Mákinwá kí ó ní sùúrù títí òjò yóò fi dá, Mákinwá sì gbà. Háà, ojú obìnrin náà rí nǹkan! Àwọn ọ̀dọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ Adégoróyè, etíkun rẹ̀ dá páropáro.

Òjò dá. Mákinwá ju àwọ̀n, ni igbe bá ta láti ojú omi: "Jọláadé o! Ẹ gbà mí, ẹja fẹ́ ri ọkọ̀ mi!" Yéè! Tọmọdé tàgbà sáré dé etí omi, wọ́n ń fà, wọ́n ń hó. Kò pẹ́ tí àlejò mìíràn fi ń dé, àwọn abiyamọ, àwọn arúgbó, tọkọtaya. Wọ́n ń wọ̀ sílé àwọn ará ìlú, wọ́n ń jẹ ẹja tútù tí Jọláadé ń tà, wọ́n ń kí àgbà kí wọ́n tó kan omi.

Lọ́dọ̀ Adégoróyè, àwọn ọ̀dọ́ jà nítorí ọtí, iná ràn mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, àtíbàbà jó kanlẹ̀. Wọ́n wá ibòmíràn lọ, kò sí ẹni tó ṣíjú wo ẹ̀yìn. Adégoróyè wá dọ̀bálẹ̀ fún Ẹfúnyẹlá.

"Ìyá, ẹbọ wo ni n óò rú?"

"Èyí tí mo kà fún ọ náà ni, ọmọ mi. Àtíbàbà tí mo ní kí o tú, iná ti bá ọ tú u. Oyin ló kù."

Jọláadé gbọ́, ó rúbọ, ó là. Adégoróyè gbọ́, ó fi rẹ́rìn-ín, ó fi ìka àbámọ̀ bọnu. Àwọ̀n Mákinwá sì wà lórí ìgànná ilé wọn, ó ń gbẹ lóòrùn. Kò tún ká a sínú ọkọ̀ láti ṣí lọ mọ́.